Ọkàn Dúrótoyè Lójú Oorun

Oorun kì í pẹ́ gbé Dúrótoyè. Bó bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó, orí á tẹ̀ sí àyà, á bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀ lẹ́yìn Èmùré a máa fi ṣe ẹ̀rín. Òun náà a bá wọn rín in, àmọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọkàn òun ń ṣe ségesège: á sáré, á dúró díẹ̀, á tún máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lómi.

Comfort ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ ni. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó ń máàkì ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí ọkọ rẹ̀ sùn sí, ló bá gbọ́ tí ìhanrun dákẹ́ lójijì. Ó gbójú sókè. Ẹnu ọkọ rẹ̀ là sílẹ̀, ikùn rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n èémí kankan kò wọlé. Ó ju bírò nù, ó gbá a léjìká.

“Bàbá Gift! Bàbá Gift!”

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lábẹ́ omi. “Kí ló dé? Mi ò tíì sùn o.”

“Ẹ sùn. Ẹ ò sì mí.”

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Dókítà Ìbídàpọ̀, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, gbọ́ àyà rẹ̀ títí, ó wá fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò so mọ́ra sùn nílé. Nígbà tí wọ́n dá a padà, dókítà yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn.

“Ìlà òkè yìí ni èémí yín. Ti ìsàlẹ̀ ni ọkàn yín.”

Èémí náà tò lọ bí ebè, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì. Èémí padà dé. Ó tún lọ. Ó tún padà.

“Ìgbà mẹ́rìnlélógójì láàárín wákàtí kan,” ni dókítà wí. “Ọ̀nà ọ̀fun yín ló ń pa dé bí ẹ bá sùn. Ìyà yẹn sì wà lára ohun tó ń da lílù ọkàn yín rú.”

“Ṣé bí mo ṣe ń kú nínú ulé mi láìmọ̀ nìyẹn? Ta ló wá ń jí mi?”

“Ọpọlọ yín ni. Á ta yín jí díẹ̀ kí ẹ lè mí, ẹ ò sì ní rántí.”

Dúrótoyè ṣí fìlà. Láti ọjọ́ yìí wá, ohun kan nínú ara rẹ̀ kò sùn, ó ń pè é padà, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Omi dé sójú rẹ̀.

Wọ́n fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú. Ó ní òun ò lè gbé ohun tó jọ imú erin wọ̀ sùn. Comfort ní, “Ẹ máa gbé e wọ̀.” Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jí fúnra rẹ̀ láàárọ̀, orí rẹ̀ fúyẹ́, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kàn ń mí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ọkàn ṣì ń ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò tó ti tẹ́lẹ̀ rárá. Ó bẹ dókítà pé kó tẹ ìlà náà jáde sórí ìwé fún òun. Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Èmùré, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ó fi han obìnrin tí kò mọ̀ rí tó jókòó tì í.

“Ẹ wò ó, mà,” ló wí jẹ́jẹ́. “Èmi rèé, nígbà tí mo sùn.”