Okùn Èèrà

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Rilwan máa ń bá bàbá rẹ̀ sọ nígbàkigbà tó bá pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wálé? Ta ló kù tí ẹ ń bá gbé ní Bouaké?"

Tàjúdínì á ní, "Jẹ́ kí ara àwọn ọ̀pẹ yìí yá ná. Bí wọ́n bá ti yọ ewé tuntun, mà á wọkọ̀."

Kì í ṣe irọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló gbin ọ̀pẹ mẹ́rin yẹn sẹ́yìn ilé wọn ní Nimbo, àdúgbò kan ní Bouaké nílẹ̀ àjèjì, kí ìyàwó tó kú, kí àwọn ọmọ tó lọ. Báyìí, ewé wọn ti gbẹ bí ewé tí iná fẹ́ sí lára. Ó ya ọ̀kan, ó sì rí ìdin funfun pẹlẹbẹ láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé, tó ń jẹ inú lọ díẹ̀díẹ̀. Oògùn tó fọ́n kò dé ibẹ̀.

Alùpùpù ni Tàjúdínì ń tún ṣe ní Dar-es-Salam, àdúgbò mìíràn ní Bouaké, kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ó mọ̀ pé ohun tó bá bàjẹ́ nínú, ẹni tó lè wọnú ló lè tún un ṣe. Ó gbé àga lọ sábẹ́ máńgòrò Ramatou, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta èédú, nítorí kòkòrò kì í ba ewé igi yẹn jẹ́. Èèrà pupa ló kún orí rẹ̀. Àwọn kan fi ẹnu fa etí ewé méjì súnmọ́ra. Àwọn mìíràn gbé ọmọ wọn sẹ́nu, wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n ń gbé e bọ̀, òwú ń jáde lẹ́nu ọmọ náà, ewé sì ń lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n ṣe ń ránlé nìyẹn. Tàjúdínì rẹ́rìn-ín, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi han ẹnì kan. Kò sí ẹnì kankan.

Ó gé ilé èèrà kan, ó so ó mọ́ ọ̀pẹ. Wọ́n pa kòkòrò fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n tán. Ìyá tó ń yé ẹyin kò sí láàárín wọn; orí máńgòrò ló wà. Nígbà náà ló ronú kan okùn.

"Ramatou, jẹ́ kí n so okùn láti ara máńgòrò rẹ dé ara ọ̀pẹ mi, kí èèrà lè máa rìn lórí rẹ̀."

"Tọ́ntọ́n Anago, èèrà tó ń gé mi jẹ bí mo bá ń ká máńgòrò? Iná ni mo fẹ́ fi sun wọ́n."

"Fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí o tó gùn ún. Wọn kì í fẹ́ rìn lórí eérú."

"Ṣé mo lè sá aṣọ sórí okùn náà?"

"Bí o bá fẹ́ kí wọ́n bá ọ wọ̀ ọ́."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó gbà. Èdè Dioula, èdè ìlú náà, ni wọ́n fi sọ ọ́; Tọ́ntọ́n Anago ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin Yorùbá níbẹ̀. Orí fóònù nìkan ni Tàjúdínì ti ń rí ẹni bá sọ Yorùbá.

Okùn ike ń yọ̀, èèrà kọ̀ ọ́. Ó fi èyí tó ní irun pààrọ̀ rẹ̀, ó sì so ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì. Èèrà kan jáde, ó tọ́ okùn wò, ó padà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti tò gba orí rẹ̀ lọ. Wọ́n ń gé awọ ewé, wọ́n ń fa ìdin jáde.

Òjò rọ̀, ó dá. Ọ̀pẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ ewé tútù. Tàjúdínì ṣì ń jáde lọ wò wọ́n láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe mọ́. Ó kó aṣọ sínú àpò, ó pe Rilwan.

"Ewé tuntun ti yọ o. Mo ti ń di ẹrù."

Rilwan ní, "Ìyẹn dára, Bàbá. Ṣùgbọ́n yàrá tí mo fi sílẹ̀ fún yín yẹn... bàbá ìyàwó mi ló wà níbẹ̀ báyìí. Ara wọn ò yá. Bóyá tó bá ṣe díẹ̀ sí i..."

Tàjúdínì wo ìta láti ojú fèrèsé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí àwọn ọ̀pẹ náà.

"Kò sí ìkánjú," ó ní. "Ọ̀kan ṣì kù tí ara rẹ̀ ò tíì yá. N ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé lóòótọ́?" Ohùn ọmọ náà fúyẹ́. "Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa, Bàbá."

"Mà á tọ́jú ẹ̀."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó tú àpò, ó sì ń yọ aṣọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n kọ́ padà.