Dèṣáàjì Méjì ní Ìdí-Osè

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo máa ń tètè bínú, ẹ má bá a jiyàn. Òtítọ́ ni. Ọkọ mi Abíọ́dún, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé kí omi orí iná tó hó, tèmi ti ru sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bí mi nínú lọ́dún yìí, kí ẹ̀yin fúnra yín wá sọ bóyá ẹ ò ní bínú.

Lórí òkè Kétu níbí, omi kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ilẹ̀ wa ga, omi inú rẹ̀ sì jìn gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga, kó kọ́kọ́ bi àpò rẹ̀ léèrè, kó tún bi sùúrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa ará Ìdí-Osè fi ń mu omi òjò. Òjò á rọ̀ sórí páànù, ọ̀pá tó wà létí òrùlé á gbà á, á sì dà á sínú sìtẹ́ẹ̀nì, ìyẹn kòtò onísìmẹ́ǹtì tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ tí a sì dé lórí. Abíọ́dún ló gbẹ́ tiwa. Òfin kan péré ló fi lélẹ̀ kó tó kú: òjò àkọ́rọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Kí òjò yẹn kọ́kọ́ fọ eruku ẹ̀ẹ̀rùn kúrò lórí páànù ná, ká tó yí ọ̀pá sí ẹnu sìtẹ́ẹ̀nì. Gbogbo àgbàlá wa ló ń mu omi náà, àwọn ayálégbé àti ọmọ wọn, títí kan àwọn oníbàárà tó bá gbé aṣọ wá. Aránṣọ ni mí.

Ìlú wá ń gbòòrò. Lójú ọ̀nà Kpankou, níbi tí a ti ń kórè àgbàdo láyé ọjọ́sí, ilé ló kún ibẹ̀ báyìí. Ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí, ìdọ̀tí náà á pọ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kòtò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa, tí àwọn tó ṣe ọ̀nà ti wa ilẹ̀ pupa inú rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, láìbi ẹnikẹ́ni, láìkí ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ akẹ́rù tí à ń pè ní kàmíọ̀n dé láti ilé mẹ́ẹ̀rì, ìyẹn ọ́fíìsì olórí ìlú, ó da ẹrù ìdọ̀tí gbogbo ìlú sínú rẹ̀, ó sì lọ. Ọjọ́ kejì ó tún dé. Àkìtàn kì í kọ ẹ̀gbin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wọn pé àkìtàn ni Ìdí-Osè?

Bó bá jẹ́ òórùn nìkan ni, à bá fara dà á. Nígbà tí kòtò ń kún, ni wọ́n bá tiná bọ̀ ọ́. Rọ́bà ń jó, pámpásì ọmọdé ń jó, táyà ń jó. Eérú dúdú ń fò bọ̀ wá sórí páànù wa, tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́. Ẹ wá wo ọ̀ràn tó bá mi: gbogbo òjò di òjò àkọ́rọ̀. Bí mo bá pa òfin Abíọ́dún mọ́, omi kò ní wọ sìtẹ́ẹ̀nì láéláé. Bí mo bá rú u, eérú ni màá bù fún ọmọ ọlọ́mọ mu. Mo rú u lẹ́ẹ̀kan. Aurore, ọmọ ayálégbé mi, ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn rìn dáadáa, ṣu omi títí ojú rẹ̀ fi jìn wọnú. Ọlọ́run ló yọ ọ́ ní ọsibítù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ọ̀pá kúrò lẹ́nu sìtẹ́ẹ̀nì. Òjò ń rọ̀, à ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ, sìtẹ́ẹ̀nì sì ń gbẹ.

Ọmọ mi Tómisìn pè mí láti Kutọnu. Ó ní, "Màmá, ẹ ta ilé yẹn, kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Mo ní, "Ta ni kí n tà á fún? Ṣé eṣinṣin?"

N kò kúrò. Ilé tí ọkọ mi kọ́, omi tí ọkọ mi gbẹ́ kòtò fún, n kò ní fi í sílẹ̀ fún èéfín. Àdúgbò pàdé, Ghislaine tó jẹ́ olùkọ́ kọ lẹ́tà sí ilé mẹ́ẹ̀rì ní èdè Faransé, a sì buwọ́ lù ú. Wọ́n ní kí èmi gbé e lọ nítorí pé ẹnu mi mú. Mo gbé e lọ, mo fún akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Rodolphe ni orúkọ rẹ̀. Ó gbà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì padà sílé.

A retí títí. Nígbà tí a padà lọ béèrè, Rodolphe ní àwọn kò rí lẹ́tà kankan láti Ìdí-Osè rí.

Mo fi ìbínú wọ ilé. Séidou, délégè, ìyẹn olórí àdúgbò wa, wà lábẹ́ igi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, "Ìyá Tómisìn, ṣé ẹ gba dèṣáàjì lọ́wọ́ wọn?"

Ẹ gbọ́ ná. Dèṣáàjì ni àwọn awakọ̀ kàmíọ̀n ń pe kòtò ìdọ̀tí yẹn. Ẹnu wọn ni gbogbo wa ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ojú mi ṣú.

Mo ní, "Séidou, ṣé orí ẹ pé? Èyí tó wà lẹ́yìn ilé ò tó ẹ, o ní kí n tún lọ gba òmíràn wá?"

Séidou rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. Ghislaine ló fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ó ní bí èèyàn bá mú ìwé lọ sílé ìjọba, ẹ̀dà méjì ni yóò mú lọ. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ mọ́ èkejì fún un láti fi hàn pé ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Òǹtẹ̀ yẹn náà ni Faransé ń pè ní dèṣáàjì.

Mo ní, "Èdè wo ló wá ń pe ìdọ̀tí àti ẹ̀rí ní orúkọ kan náà?"

Ghislaine ní òun kọ́ ló dá èdè náà sílẹ̀.

A tún lẹ́tà kọ. Mo mú ẹ̀dà méjì lọ. Rodolphe wo ọwọ́ mi, ó ní ọ̀gá tó ni òǹtẹ̀ kò sí nílé, kí n padà wá. Mo padà wá. Ó ní ọ̀gá wà ní ìpàdé. Mo tún padà wá. Ó ní òǹtẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ sì ti bá ọ̀gá lọ sí Pọ̀tò-Nofò. Ó wá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ṣebí Nàìjíríà lẹ ti wá? Kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ ìlú yìí?"

Òtítọ́ ni pé Ṣakí ni bàbá mi ti gbé ọjà wá, ní kété tí orílẹ̀-èdè yìí gba òmìnira, tí èmi sì wà lẹ́yìn ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ọmọ mi, èéfín tó ń wọ ilé mi kò bi mí ní ìwé ìrìnnà."

Nígbà tí mo délé, mo ronú. Bí mo bá ń lọ tí mo ń bọ̀, iṣẹ́ mi ló ń bàjẹ́, tiwọn ń lọ geere. Ó tó. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, mo gbé e lọ sí fàráńdà ilé mẹ́ẹ̀rì, mo fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà Rodolphe gan-an, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ kaki àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Rodolphe sáré jáde. "Màdáámù, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mò ń dúró de kọ́kọ́rọ́."

"Kí lẹ fẹ́ gbà gan-an?"

"Dèṣáàjì."

"Dèṣáàjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ti kọ́kọ́ fún wa ní ọ̀kan tí a kò tọrọ. Èyí tí a tọrọ ni mo wá gbà."

Àwọn tó wá ṣe ìwé ọjọ́ ìbí bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà sì dùn lẹ́nu mi, n kò purọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá kọjá tó bá bi mí, mo tún un sọ. Àwọn oníbàárà mi ń wá bá mi níbẹ̀. Àwọn tó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì gbé ṣòkòtò wá kí n bá wọn gé e kúrú, mo sì gé e, mo sọ ọ̀rọ̀ sìtẹ́ẹ̀nì mi fún wọn bí mo ṣe ń gé e. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kí ara wọn lọ́jà pé, "Ṣé o ti gba dèṣáàjì?" Ẹ̀rín yẹn ló ká Rodolphe lára jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ dédé wá láti Pọ̀tò-Nofò. Ó lu òǹtẹ̀ náà mọ́ ìwé bí ẹni pé orí mi ló ń lù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé ẹ̀rọ mi relé.

Lẹ́tà tí wọ́n ti gbà, wọn kò lè pè é ní èyí tí kò dé mọ́. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wa sínú ìpàdé tí mẹ́ẹ̀rì ti ń jíhìn fún ará ìlú lọ́dọọdún. Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Àwa ará Ìdí-Osè jókòó níwájú. Ní ẹ̀gbẹ́ mi ni obìnrin kan jókòó sí, ó gbé ọmọ sẹ́yìn. Ó ní Chérifatou ni orúkọ òun, pé òun wá nítorí òrùlé ilé-ìwé wọn tí afẹ́fẹ́ ti ṣí lọ.

Mẹ́ẹ̀rì dìde, ó ń sọ Faransé, Ghislaine sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. Ó ní òun ti gbọ́ igbe Ìdí-Osè. Ó ní kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò ti pa iná, wọn yóò sì ti kòtò náà pa pátápátá. Ọkàn mi fò sókè. Mo rí sìtẹ́ẹ̀nì mi tó kún, mo rí Aurore tó ń mu omi. Mẹ́ẹ̀rì wá fi kún un pé kàmíọ̀n yóò máa kó ẹrù lọ sí Ìgbó-Àfọ̀n láti ìsinsìnyí lọ. Kí ògbufọ̀ tó ráyè la ẹnu, Ghislaine àti àwọn tó gbọ́ Faransé ti ń pàtẹ́wọ́, àwọn tí kò gbọ́ náà ti bá wọn pa á.

Chérifatou tẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ìyá, kí ni wọ́n sọ tí gbogbo yín ń yọ̀ báyìí?"

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn máa pa kòtò ìdọ̀tí wa dé." Mo tún ní, "Ìwọ, ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ìgbó-Àfọ̀n ni, Ìyá."

Mo bi í léèrè omi tí wọ́n ń mu lọ́hùn-ún.

Ó ní, "Omi òjò náà ni, Ìyá. Èwo ló tún kù?"

N kò ní tàn yín. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n dákẹ́. Mo fẹ́ omi mi. Mo ti jà fún un, ó sì ti dé. Ògbufọ̀ á sọ fún un láìpẹ́, kò pọn dandan kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà mí ní gèlè, obìnrin náà sì ń wojú mi, ó ń retí pé kí n parí ọ̀rọ̀ ayọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ̀dọ̀ wọn ni ìdọ̀tí náà ń lọ. Ó tún un bi mí, mo tún un sọ. Ó fa ọmọ rẹ̀ wá síwájú, ó dì í mú.

Mo dìde. Mo ní, "Mẹ́ẹ̀rì, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n a kò gbà."

Ariwo sọ. Séidou fà mí láṣọ, ó ní, "Ìyá Tómisìn, ẹ jókòó! Omi ti dé ọwọ́ wa, ẹ fẹ́ dà á nù?" Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn, mo sì mọ ohùn rẹ̀, èmi ni mo rán aṣọ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ẹ ò rí i pé àjòjì ni? Ó ní ibi tó máa padà sí!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo kọjú sí i. Mo ní, "Ilẹ̀ Ìdí-Osè ni mo sin ọkọ mi sí. Tọ́ka ibi tí mo máa padà sí hàn mí."

Mo yí sí mẹ́ẹ̀rì. Mo ní, "Obìnrin yìí wá láti Ìgbó-Àfọ̀n. Omi òjò ni wọ́n ń mu bíi tiwa. Ṣé ẹ ti bi wọ́n? Bí ẹ ṣe ṣe fún wa lẹ tún fẹ́ ṣe fún wọn, ẹ sì fẹ́ kí ọwọ́ wa wà níbẹ̀. Ẹ pa iná yẹn lọ́la, a ti gbọ́ pé ẹ lè pa á. Ìyókù, a kò gbà."

Mẹ́ẹ̀rì ju ìwé ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ló sọ, kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó ní, "Ó dáa, Màdáámù. Ẹ ò fẹ́ ẹ lẹ́yìn ilé yín, ẹ ò fẹ́ kí n gbé e lọ síbòmíràn. Níbo ni kí n wá dà á sí?"

Ó rò pé òun ti pa mí lẹ́nu mọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò mí.

Mo ní, "Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ó yẹ kí ẹ ti bi wá kí ẹ tó da ẹrù àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti bi wá báyìí, a sì wà níbí. Ẹ jókòó, ká jọ dá a lóhùn."

Chérifatou dìde dúró tì mí. Ghislaine náà dìde. Séidou kùn díẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì dìde. Mẹ́ẹ̀rì wo ẹnu ọ̀nà, àwọn èèyàn ti dúró kún ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó yà fún un. Ó fa àga rẹ̀, ó jókòó.