Àga Bàbá Yísà Ti Ṣófo

Láti Kuje dé Fẹ́sítáàkì, ní Èkó níbí, kò sórí tó dáa tó tèmi Ṣàkírù. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun, mọ́tò á dúró wò mí. Ẹ rò pé irọ́ ni? Ẹ lọ bi wọ́n.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè foríji Ọlábánjí. Lọ́dún Kérésì, bọ́ọ̀sì kan fẹ́ kó àwa ọ̀dọ́ lọ sí etíkun. Èmi ni mo wà níwájú lórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù onígẹrun ní Kuje. Àga méjì ló wà níbẹ̀. Tàjúdéènì ló ni ọ̀kan: kó o tó yán, ó ti gẹ ẹ́ tán. Bàbá Yísà tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ni èkejì. Wọ́n á gẹ díẹ̀, wọ́n á bi ẹ́ ní ìlú bàbá ẹ, wọ́n á tòògbé. Òfin ṣọ́ọ̀bù ni pé ẹni iwájú ló ń lọ síbi tó bá ṣófo, ẹni tó bá sì dìde láìtíì parí, ìdí bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ló ń padà sí.

Àga Tàjúdéènì ṣófo. Kí n tó dìde, Ọlábánjí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ti fò sórí ẹ̀.

"Lọ bá bàbá jàre. Àga kì í ṣe àga?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ hewú lórí àga bàbá yẹn. Bọ́ọ̀sì lọ. Ọláfúnkẹ́, ọmọ tí mò ń fẹ́, Ọlábánjí ló jókòó tì. Ó tún ń sọ kiri pé, "Orí Ṣàkírù ló tóbi jù, ìyẹn ló fi pẹ́."

Mo ní, ó dáa.

Kò pẹ́, mo gbọ́ pé Dádì Ọláfúnkẹ́ ní kí Ọlábánjí wá fojú hàn ní aago mẹ́rin Sátidé. Wọn kì í dúró dèèyàn, wọn ò sì fẹ́ rí áfúrò. Ti Ọlábánjí, adìẹ lè yé sínú ẹ̀.

Ní Sátidé ọ̀hún, mo ti wà níwájú bẹ́ǹṣì kó tó sáré wọlé, ó jókòó tì mí. Tàjúdéènì ti ń fi páúdà sí oníbàárà lọ́rùn, ó ti fẹ́ parí. Ìgbà yẹn ni àga Bàbá Yísà ṣófo. Mo mọ̀ pé kéèyàn dúró de Tàjúdéènì yá ju kó lọ jókòó síbẹ̀. Mo ṣe bí ẹni fẹ́ dìde.

"Ṣàkírù, jọ̀ọ́, àna mi ń retí mi!"

"Èmi ló kàn o, Ọlábánjí."

Ó tì mí, ó fò jókòó.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," Bàbá Yísà kí i. "Níbo ni wọ́n ti bí bàbá ẹ?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Tàjúdéènì gẹ tèmi tán, ó gẹ tàwọn tó tẹ̀lé mi. Ẹ̀gbẹ́ orí kan ni Bàbá Yísà ṣì ń fá fún Ọlábánjí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá!"

"Ṣé mo ti sọ bí mo ṣe dé Èkó fún ẹ?"

Mo sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ọkọ ìyàwó, aago mẹ́rin ti fẹ́ lù o!"

Ó já jáde bẹ́ẹ̀, ó sáré dé Fẹ́sítáàkì. Mo tẹ̀ lé e, mo lúgọ sẹ́yìn géètì. Dádì Ọláfúnkẹ́ ṣílẹ̀kùn, wọ́n wo apá ọ̀tún orí ẹ̀, wọ́n wo apá òsì.

"Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?"

Ọláfúnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Lọ parí ẹ̀," Dádì ní. "Mo fẹ́ jáde. Tó o bá bá mi nílé, a óò sọ̀rọ̀."

Ó sáré padà. Ta ló lè bá mi sáré? Èrò ti kún bẹ́ǹṣì, mo ti jókòó sí ìdí ẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ̀yìn mi ló bọ́ sí.

"Ṣàkírù, kí lo tún fẹ́ gẹ? Orí ẹ ń dán!"

"Irùngbọ̀n ni."

"Irùngbọ̀n wo?"

Mo fọwọ́ pa àgbọ̀n mi. "Á ti hù kó tó kàn mí."

Mọ́tò Dádì Ọláfúnkẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Mo juwọ́ sí wọn.