Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Nusrat

Bí ọdún mẹ́ta ni ọkọ mi kò fi jẹun níṣojú mi. Bí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ní kí n gbé e pamọ́, òun ṣì yó. Tí mo bá tún yọjú níkẹyìn, abọ́ ti ṣófo, ó sì ti fọ̀ ọ́. Ọkùnrin wo ló ń fọ abọ́ ní Ìfàkò? Èmi Sìlífátù, ara mi kì í gba irú ẹ̀. Mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé obìnrin kan wà lójú ọ̀nà Ìjù tó ń bọ́ ọ, àti pé ńṣe ló ń da oúnjẹ tèmi sí gọ́tà.

Abdulmumin lorúkọ ọkọ mi. Sájẹ́ǹtì ni lẹ́nu iṣẹ́ ológun kó tó fẹ̀yìn tì. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà ní Borno ló gbé ọkọ̀ wọn. Ó padà wálé pẹ̀lú àpá tó gba ọrùn lọ sí èjìká ọ̀tún, ó ní ó ti san. Ní báyìí, géètì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ló ń ṣọ́ ní Ìkẹjà, èmi sì ń rán aṣọ ilé ìwé fáwọn ọmọ ní iwájú ilé wa. Kì í ráhùn. Bí mo bá fi iyọ̀ ba ọbẹ̀ jẹ́, á ní ó dùn. Bí òjò bá pa á láti ibi iṣẹ́ délé, á ní a dúpẹ́, ilẹ̀ ti ń gbẹ jù tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, òwú tán lórí ẹ̀rọ mi, mo sì wọlé láìrò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo bá a, lórí àpótí kékeré tí mo fi ń jókòó dáná, abọ́ ẹ̀bà wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun. Ọwọ́ ọ̀tún rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi pé kì í ṣe tirẹ̀. Ọkùnrin yìí ló máa ń gbá ọmọ wa lọ́wọ́ òsì ní kékeré tó bá ti fẹ́ kì í bọ abọ́, tó sì ń sọ fún un pé Ànábì kọ̀ ọ́.

Ó gbójú sókè, ó rí mi.

“Àbẹ̀kẹ́,” ó ní, “má wò mí.”

Oríkì mi ni Àbẹ̀kẹ́. Kì í pè é àfi tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo ìjà tí mo ti ń tò jọ láti ọdún mẹ́ta, mi ò rí ẹyọ kan mú jáde níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún.

Dókítà tí mo mú un lọ bá sọ fún wa pé àfọ́kù irin bọ́ǹbù náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, pé ó ń tẹ iṣan tó lọ sí ọwọ́. Tí wọn kò bá tètè yọ ọ́, ọwọ́ náà máa kú pátápátá. Ọsibítù àwọn ológun máa ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún sójà tó bá fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Nusrat, ọmọ wa tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, ló kó ìwé bàbá rẹ̀ lọ bá wọn. Ohun tó mú bọ̀ le ju ohun tó mú lọ.

“Mọ́mì, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe Dádì. Ohun tó wà nínú fáìlì ni pé ara wọn dá ṣáṣá, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn tì. Àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ tún àkọsílẹ̀ yẹn ṣe, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ọrùn wọn.”

Orí mi gbóná. Mo yíjú sí ọkọ mi. “Ta ló parọ́ yẹn mọ́ yín, Bàbá Nusrat? Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi.”

“Èmi ni,” ó ní.

Ó ní lọ́jọ́ tí òun dé iwájú ìgbìmọ̀ dókítà tó fẹ́ kọ ìwé ìfẹ̀yìntì òun, ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá wọn. Ó kí òun pé, “Sájẹ́ǹtì, ara ńkọ́?” Òun ní ara le, a dúpẹ́. Ó ní, “Ṣé kò síbi tó ń dùn yín?” Òun ní Alhamdulillah. Wọ́n sì kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́.

Ẹ gbọ́ mi o. Àwọn sójà kan ń ti ọ̀pá dé ibẹ̀, wọ́n ń ké ìrora kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn, ọkọ tèmi ń dúpẹ́. Mo ní, “Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ dákẹ́, ẹ fẹnu ara yín lé oore jìnnà.” Ojú ló ń wò mí, ojú tí ó máa ń mú kí n tètè parí ìjà.

Nusrat bá a kọ̀wé pé kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì pè é wá síwájú ìgbìmọ̀ mìíràn ní bárékè ní Ìkẹjà. Àràárọ̀ ni mo ń kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Màá dúró bíi dókítà, màá ní, “Bàbá, ara ńkọ́?” Kí n tó gbẹ́nu dé, á ti ní, “Ara le.” A ó jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé ikùn mi. Lọ́jọ́ tí a ń lọ gan-an, ọmọ tó wa kẹ̀kẹ́ wa láti Ìfàkò kí i pé, “Bàbá, ṣé ara le?” Ó ní, “Ó le o, ọmọ mi.” Mo já a ní èékánná.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó. Dókítà obìnrin kan tó wọ aṣọ ológun ni ọ̀gá wọn, kò tíì tó ogójì ọdún, ó sì lójú àánú. Ó dìde díẹ̀ fún ọkọ mi.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jókòó. Ara ńkọ́?”

“Alhamdulillah,” ni ọkọ mi wí. “Ara le, ọmọ mi.”



Dókítà náà wo fáìlì, ó tún wò ó. “Bàbá, ohun tí wọ́n kọ síbí náà nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé kò rí bẹ́ẹ̀.” Wọ́n yẹ ọwọ́ náà wò, wọ́n ní kó di nǹkan mú, nǹkan náà já bọ́. Pé ọwọ́ ń ṣàìsàn hàn sí gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó jókòó lápá ọ̀tún ní báwo ni àwọn ṣe fẹ́ mọ̀ pé láti ojú ogun ni? Ó lè jẹ́ pé ibi iṣẹ́ géètì ló ti ṣubú. Ẹnu Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ni àwọn ti fẹ́ gbọ́ ọ.

“Ó máa ń dùn mí díẹ̀díẹ̀,” ni ọkọ mi wí, ó ń wo ilẹ̀.

“Láti ìgbà wo?”

“Kò burú náà.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, dókítà ní, “Ẹ má bínú, Mọ́mì. Àwọn ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́.”

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Mo dìde. Mo di àga ọkọ mi mú, mo yí i tòun ti àga títí ó fi kẹ̀yìn sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì jókòó síwájú rẹ̀ lórí àga tèmi.

“Ẹ má sọ fún wọn mọ́,” mo ní. “Èmi ni kẹ́ ẹ sọ fún. Èmi tí mo bá yín wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ fi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn jẹun fún. Láti ọjọ́ wo lọwọ́ yìí ti ń dùn yín?”

Ọkùnrin apá ọ̀tún fẹ́ la ẹnu. Dókítà gbé ìka sókè sí i.

Ọkọ mi gbójú kúrò nílẹ̀.

“Àbẹ̀kẹ́, láti inú ọkọ̀ yẹn ni. Èmi àti Reuben, sójà ẹgbẹ́ mi, la jókòó ti ara wa. Nígbà tí mo lajú ní ọsibítù, mo béèrè rẹ̀, wọ́n ní kò sí mọ́. Mo ní kí n gbé ọwọ́ ṣe àdúà fún un, ti ọ̀tún kò gbéra. Ìyàwó rẹ̀ wá síbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni dókítà ọsibítù náà bi mí bóyá nǹkan kan ń dùn mí. Kí ni kí n sọ? Kí n ní ọwọ́ ń dùn mí?”

“Ẹ máa sọ ọ́,” mo ní.

“Ó máa ń jó mi bí iná lálẹ́. Mo máa ń dìde kí n má baà jí ẹ. Ọjọ́ tí ẹ gbé ọmọ Nusrat fún mi, tí mo ní òtútù ń mú mi, irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé màá jù ú sílẹ̀.”

Mo rántí ọjọ́ yẹn. Mo bínú sí i débi tí mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí tí ìsọmọlórúkọ fi parí. Mo fi etí gèlè mi nu ojú rẹ̀, mo nu tèmi. Mo ti gbàgbé pé àwọn kan wà nínú yàrá náà, àfi ìró bírò tí ń kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, inú sì ń bí mi sí i, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

“Bàbá,” ni dókítà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ Reuben ní kíkún?”

Ọkọ mi sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ bàbá Reuben àti ìlú rẹ̀. Wọ́n wá àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n rí orúkọ àwọn méjèèjì nínú ọkọ̀ kan náà. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, dókítà ní àwọn fọwọ́ sí i, wọ́n á tún un kọ pé ojú ogun ló ti fara gbọgbẹ́, kí ó mú ìwé lọ sí ọsibítù kí wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un. Ọkùnrin apá ọ̀tún ló na ìwé náà sí i. Ọkọ mi na ọwọ́ òsì, ó tún dá ọwọ́ náà dúró.

“Ẹ má bínú. Ọwọ́ òsì ni.”

“Ẹ fi gbà á, Sájẹ́ǹtì,” ni ọkùnrin náà wí.

Nígbà tí a délé, mo ro ẹ̀bà, mo bu ọbẹ̀, abọ́ kan ṣoṣo ni mo gbé sáàárín wa. Mo rí i tó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo fọ ọwọ́ ọ̀tún mi, mo bu òkèlè, mo fi run ọbẹ̀, mo nà án sí ẹnu rẹ̀.

“Bisimillah,” mo ní.

“Àbẹ̀kẹ́, ṣé ọmọdé ni mí ni?”

“Títí wọ́n á fi tún tiyín ṣe, ọwọ́ ọ̀tún kan ló wà nínú ilé yìí, ti àwa méjèèjì sì ni.”

Ó lanu. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó ronú díẹ̀.

“Ata pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí,” ó ní.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń dáná fún un, kò sọ irú ẹ̀ rí. Inú mi dùn débi pé mi ò lè bu òkèlè kejì.