Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

"Ìyá Ìbejì, ọkùnrin tó fẹ́ ra ọkọ̀ yẹn ti pè mí. Ó ní kó tó di ọ̀sán gangan, òun á ti dé."

Ojú fèrèsé ni ọkọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Kò jáde. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ pupa náà ti wọ ọgbà wọn, ojú fèrèsé ló ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí ìyẹn bá ti wà nídìí ọkọ̀ náà, àfi bíi pé ajá tó ń bunijẹ ni wọ́n so mọ́bẹ̀.

Ìyá Ìbejì kò gbójú sókè. Ó ń ká òrùlé ọkọ̀ náà sẹ́yìn, tapólì dúdú kan tó ti ṣá, ó ń fọwọ́ tẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ká aṣọ ọmọ tuntun.

"Mo ti gbọ́, Bàbá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dé."

"Kí lo tún fẹ́ gbé e lọ ṣe?"

"Mo fẹ́ dágbére fún un ni."

"O fẹ́ dágbére fún irin?" Ó pòṣé, ó ti fèrèsé gbàgà.

Ẹ má tíì dá ọkùnrin náà lẹ́bi o. Ẹ jẹ́ ká mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ ná.

Iṣẹ́ Ìyá Ìbejì ni kó máa kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Màmá Bíréèkì ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí pé nínú ọkọ̀ tó fi ń kọ́ni, bíréèkì kejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, níbi tó ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi: "Rọra! Wo dígí! Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Ó ti kọ́ dókítà, ó ti kọ́ alápatà, ó ti kọ́ obìnrin kan tó máa ń dijú tí ọkọ̀ ńlá bá ń bọ̀ níwájú. Inú ọkọ̀ ló ń lo ọjọ́ ayé ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló máa ń wà á.

Ìgbà tó wá rí ọkọ̀ pupa náà lẹ́yìn ilé mẹkáníìkì rẹ̀, tí eruku bò ó, tí adìyẹ ń sùn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkàn rẹ̀ fà sí i lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì, orí rẹ̀ ṣeé ṣí, ó sì dàgbà ju àwọn ìbejì rẹ̀ tí wọ́n ti lọ ṣe ilé tiwọn.

"Ṣé ó ń rìn?" ló béèrè.

"Màmá," ni mẹkáníìkì wí, "kì í rìn. Eré ló ń sá."

Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ọkọ̀ wálé.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Igbákejì ọ̀gá àgbà ni nílé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀pá-Irin làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí bó ṣe máa ń nà ró, tí táì rẹ̀ kì í sì í tú bí oòrùn ṣe wù kó mú tó. Ọ̀pá-Irin kò mọ ọkọ̀ wà. Nínú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, ní kọ̀rọ̀ fèrèsé, yóò ṣí ìwé ìròyìn sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní, "Ọ̀gá ńlá mà nìyí o, obìnrin ló fi ṣe dẹ́rẹ́bà!" Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sínú, kò sì bà á jẹ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ pupa kò ní ẹ̀yìn. Kò sì ní òrùlé. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ fi gbé e lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ ilé ìwé to sí ẹnu géètì bíi pé wọ́n ń wo ìran. "Ẹ wo Ọ̀pá-Irin! Ìyàwó ẹ̀ ló gbé e!" Ó sọ̀ kalẹ̀, kò wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀. Ilé pa lọ́lọ́. Tí wọ́n bá ń jẹun, ìró ṣíbí nìkan lèèyàn ń gbọ́.

Ìyá Ìbejì fara dà á títí, ó sú u. Ọkọ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n ti jọ ń ṣeré láti kékeré, tí kò wá bá a sọ̀rọ̀ mọ́, kí ni ayọ̀ tó wà níbẹ̀? "Ẹ wá ẹni tó máa rà á," ló wí. Bàbá Ìbejì kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù kó tó wá oníbàárà.

Ní àárọ̀ yìí, Ìyá Ìbejì yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó wá bú: vùùùù! Inú Ìyá Ìbejì dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́ fún un. Ó jáde ní géètì, ó gba ọ̀nà òkè. Atẹ́gùn já gèlè gbà lórí rẹ̀ kó tó dé kọ́nà kìíní. Ó yára gbá a mú, ó kó o sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e.

Háà, ọkọ̀ yìí dùn! Tó o bá wà nínú ọkọ̀ olórùlé, ojú nìkan lo fi ń rí ìlú. Nínú eléyìí, imú rẹ ń gbọ́ òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ó ń gbọ́ òórùn àlùbọ́sà tí ẹnì kan ń dín. Etí rẹ ń gbọ́ ọmọ tó ń sunkún lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ìyá tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Oòrùn ń jókòó sí èjìká rẹ. Ní ibi iná ojú pópó, bàbá arúgbó kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀ ń jayé o!"

"A jọ ń jẹ ẹ́ ni, bàbá!"

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, tó ń kun ògiri lórí àkàbà, rí i, ó kígbe: "Màmá Bíréèkì, ẹ rọra o!"

"Rọra kọ́, rọra ni! Ojoojúmọ́ ni mò ń rọra!" Ó tẹ iná mọ́ ọn, ọkọ̀ fò gun òkè, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀ kan.

Nígbà tó dé orí òkè, tó rí gbogbo òrùlé ìlú nísàlẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ. Kò fẹ́ tà á. Ó dùn ún gan-an. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó yí padà sílé, torí ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ kì í kó o jẹ.

Ó gbé ọkọ̀ sí àárín ọgbà, ó wọlé lọ ṣan ojú kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí i pé ó sunkún. Ilé ìdáná ló wà, tówẹ́ẹ̀lì lójú, nígbà tó gbọ́ ìró kan láti ìta.

"Vùùù... vùùùù... píìpíì!"

Ó yọjú. Ọ̀pá-Irin ló wà nínú ọkọ̀.

Ó jókòó síbi àwakọ̀, táì lọ́rùn, ọwọ́ méjèèjì lórí sitiárìn. Ọkọ̀ kò tàn. Ẹnu rẹ̀ ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ó wo dígí, ó mi jíà, ó yí kọ́nà, ara rẹ̀ tẹ̀ síhìn-ín, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún. Nígbà tó ṣe, ó juwọ́ sí ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀, ó mi orí bí ọ̀gá tí wọ́n kí.

Ìyá Ìbejì fi tówẹ́ẹ̀lì dí ẹnu. Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Lẹ́yìn náà ló wá yé e: "Yéè! Ọkọ̀ yìí ń wu ọkùnrin yìí ni!"

Ó jáde. Bàbá Ìbejì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fò dìde, ó fi orúnkún gbá sitiárìn.

"Mo... mò ń wò ó bóyá ó mọ́ ni. Ọkùnrin yẹn ń bọ̀."

"Ó mọ́. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ náà ṣì le, mo gbọ́ ọ láti ilé ìdáná."

Ọkọ rẹ̀ dorí kodò. 

"Bàbá Ìbejì, kí ló dé tẹ́ ò sọ pé ẹ fẹ́ kọ́ ọ?"

"Kọ́ ọ lọ́dọ̀ ta ni?" Ohùn rẹ̀ le lójijì. "Tí n bá ní kí o kọ́ mi, wọ́n á ní ìyàwó ń jágbe mọ́ Ọ̀pá-Irin lójú títì. Tí n bá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, wọ́n á ní ìyàwó ẹ̀ kọ́ gbogbo ìlú tán, kò rí tọkọ ẹ̀ kọ́. Ibi tí mo há sí nìyẹn."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ fọ́mọ ọlọ́mọ pé ẹni tí kò bá mọ̀, kó béèrè."

"Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń sọ ọ́ fún," ló dáhùn, ẹ̀rín kékeré sì yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Ìbejì yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó jókòó, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. "Ó yá, ẹ tan án."

"Ní gbangba báyìí?"

"Ẹ wòkè. Ṣé ẹ rí òrùlé ni? Gbangba ni gbogbo ẹ̀."

Ó tan án. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un bí yóò ṣe tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlé, bí yóò ṣe kó o sí jíà kìíní, kó máa yọ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó sì máa tẹ iná. Ọkọ̀ fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ó kú. Bàbá Ìbejì wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ó ń retí igbe tí gbogbo ìlú mọ̀.

"Ẹ tún un tan," ló wí.

Ó tún kú. Ó tún un tan. Ó tún kú. Lẹ́yìn náà ló gbéra, wọ́n jáde ní géètì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kọlu ògiri. Ìyá Ìbejì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára. Kò sí bíréèkì níbẹ̀. Ó tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ó di ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mú, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́, ohun tó sì le jù tó ṣe láti ọdún tó ti ń kọ́ni nìyẹn.

Ní ìpẹ̀kun àdúgbò, wọ́n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí wọ́n ń ti ẹ̀kọ́ àfikún bọ̀. Àwọn yẹn sáré kúrò lọ́nà, wọ́n la ẹnu sílẹ̀.

"Ọ̀pá-Irin! Ọ̀pá-Irin ló ń wakọ̀!"

Bàbá Ìbejì nà ró gbagidi, ó di sitiárìn mú.

"Ẹ fun fèrè fún wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó fun ún. Àwọn ọmọ náà hó yèè, wọ́n ń fò, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú ikùn Bàbá Ìbejì bọ̀, ẹ̀rín tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì gbọ́ láti ìgbà tí àwọn ìbejì ti lọ. Ó fọwọ́ kan tú táì.

"Ìyá Ìbejì! Atẹ́gùn ń wọ̀ mí lẹ́nu!"

"Ẹ pa ẹnu dé!"

"Kò ṣeé pa dé!"

Wọ́n yí àdúgbò po, ó ní àfi kí àwọn tún un yí. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò funfun ti dúró níwájú géètì. Àwọn aládùúgbò ti yọrí lórí ògiri, àwọn ọmọbìnrin náà sì ti sáré dé, wọ́n ń mí helehele.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ọkọ̀ yìí mà rẹwà o!" ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ̀yin la jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín?"

Gbogbo ojú wà lára Bàbá Ìbejì. Ìyá Ìbejì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Tí ọkọ rẹ̀ bá sọ pé òun lòun ni ín, kò ní já a nírọ́.

"Rárá o." Bàbá Ìbejì gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà lórí ògiri náà lè gbọ́. "Ìyàwó mi ló ni ín. Èmi lakẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀."

Àwọn ọmọ wo ara wọn.

"Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ fẹ́ tà á, sà."

Bàbá Ìbejì kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Tíṣà, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ìyá Ìbejì gbójú sókè. "Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, a ò tà á mọ́. Kí ẹ wá kó o sí jíà kìíní."

Bàbá Ìbejì bẹ ọkùnrin náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó kó o sí jíà, ó yọ ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ fò, ó kú lójú gbogbo wọn. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.