Aṣọ Òkú Tí Kò Bá Mi Mu

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, ihò sì wà nínú ọkàn mi. Láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé iṣẹ́ abẹ ló kù, kò sẹ́ni tó bá mi jà mọ́. Àbúrò mi tó máa ń já ẹran gbà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ ló wá ń fún mi ní tiẹ̀. Ó sú mi! Gbogbo wọn ń gbé mi gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin, kò sì sẹ́ni tó lè dárúkọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣe òkú nínú eré kíláàsì wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tí à ń pè ní Aláròyé ló kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú pósí, àwọn èèyàn ń yìn ín, òkú á sì máa dìde jókòó láti já irọ́ wọn. Tí olùkọ́ bá ní, "Ọmọlúàbí ni," òkú á ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní mi ò ní wúlò láyé?" Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní eré náà ní kí n kúkú máa fa aṣọ ìkélé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a jiyàn kó tó gbà.

Ó wá ku ìyá mi. Aránṣọ ni, òun ló ń rán gbogbo aṣọ eré wa. Ó wọn àwọn agbépósí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọn Aláròyé lẹ́ẹ̀mejì torí kì í dúró lójú kan. Nígbà tó kàn mí, ó ká tépù rẹ̀ kò.

"Mo mọ ìwọ̀n ẹ," ó ní.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá fojú wọn aṣọ á fọwọ́ tú u?"

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Kúrò níwájú mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, mo wọ aṣọ òkú funfun tó rán fún mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Háà! Èjìká rẹ̀ bọ́ sí ìgúnpá mi, etí rẹ̀ ń gbálẹ̀. Èèyàn méjì irú mi á gbé inú ẹ̀, wọ́n á tún gba àlejò.

"Màámi, kí lèyí? Ẹ̀ẹ̀méje ni màá dìde nínú pósí o! Ṣé kí n ṣubú lójú gbogbo ilé ìwé ni? Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ kí n ṣe é, ẹ sọ ọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ bá mi jà!"

Kò wo ojú mi.

"Ìwọ̀n ara mi ni," ó ní.

"Ara ta?"

"Ara tèmi. Ọwọ́ mi ni kò gbà, mo bá wọn ara mi. Mi ò lè gé aṣọ òkú sí ìwọ̀n ọmọ mi. Tí ikú bá máa wọlé yìí, kó bá mi níwájú. Èmi ni mo dàgbà jù."

Ó ti sọ ọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń retí kẹ́nì kan dárúkọ rẹ̀ nílé wa. Inú ṣì ń bí mi.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," mo ní. "Àmọ́ aago méjì la máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi dín in kù."

Ó yọ tépù lọ́rùn. Ó wọn èjìká mi, ó wọn àyà mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wọn gígùn mi dé kókósẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó gbé sísọ́ọ̀sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ náà sí ìwọ̀n mi.