Ohùn Adétutù Lẹ́nu Ẹlòmíràn

Ohùn Adétutù kì í ṣe ohùn tí ènìyàn ń gbọ́ tán kó gbàgbé. Bó bá ka ìkéde òkú lórí rédíò, àwọn tí kò mọ olóògbé náà rí á máa nu ojú. Bó bá polówó ọṣẹ, kí ọṣẹ ọ̀hún tó dé ìsọ̀ ní Dùgbẹ̀ ni àwọn obìnrin á ti máa fi orúkọ béèrè rẹ̀. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ọmọ olùkọ́ fẹ̀yìntì kan láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bólúwadúró, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì. Akóbọ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbé pẹ̀lú Jésùtóbi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò tó ti ń ṣiṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, Adétutù kò jókòó sílé sunkún. Ó gba yàrá kan lókè ilé ìtajà ní Ring Road, ó lẹ fóòmù mọ́ gbogbo ara ògiri kí ariwo ọkọ̀ má baà wọlé, ó ra ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, ó sì ń gba iṣẹ́ ìpolówó fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn ń wá, ilé ìwé ń wá, àwọn tó ń ta ilẹ̀ náà ń wá.

Nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ọkùnrin kan pè é lórí fóònù. Ó pe ara rẹ̀ ní Mísítà Dáníẹ́lì. Yorùbá rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ti pẹ́ lókè òkun. Ó ní áàpù tuntun kan wà tó ń jẹ́ Gbàájẹ, àwọn sì fẹ́ kí ó bá àwọn polówó rẹ̀.

“Kí ni wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀, sà?” Adétutù béèrè.

“Eré ni, mà. Àwọn èèyàn á ta tẹ́tẹ́ díẹ̀, wọ́n á jẹ.”

“Ṣé ìjọba mọ̀ yín?”

Kíá ni ọkùnrin náà fi ìwé kan ránṣẹ́ sí i lórí wọ́sáàpù. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ìbuwọ́lùwé wà níbẹ̀. Adétutù wò ó, ó rò pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ ṣe máa ń rí. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìpolówó yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kejì, Mísítà Dáníẹ́lì tún fi ọ̀ọ́dúnrún gbólóhùn ránṣẹ́ pé kó kà wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn gbólóhùn náà kò lórí, wọn kò nídìí. “Òjò rọ̀ lẹ́yìn ilé wa.” “Ṣé ìyá àgbà ti jẹun?” “Má bínú, ọ̀rẹ́ mi.” Ó ní kó ka àwọn kan pẹ̀lú ẹ̀rín, kó ka àwọn mìíràn bí ẹni tí àánú ń ṣe.

“Kí lẹ fẹ́ fi gbogbo eléyìí ṣe?” ni Adétutù bi í.

“Kí ẹ̀rọ wa lè máa kí oníbàárà dáadáa ni, mà.”

Ó kà wọ́n fún ọjọ́ méjì gbáko, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Wọ́n sanwó rẹ̀ pé, owó yẹn ló sì fi ra bátìrì sólà sí sitúdíò. Nígbà tí Bólúwadúró gbọ́ pé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ni, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. “Ìyá Jésùtóbi, ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ yìí kò wọ̀ mí létí o.” Adétutù ṣèlérí pé òun kò ní gba irú ẹ̀ mọ́, kò sì gbà á mọ́ lóòótọ́.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni òfin tuntun jáde. Bólúwadúró ló rí i lórí fóònù nígbà tí wọ́n ń jẹun àárọ̀, ó sì kà á sókè: ẹnikẹ́ni tó bá polówó tẹ́tẹ́ orí fóònù tí kò ní ìwé àṣẹ, ìbáà ṣe ojú rẹ̀ ló gbé síta, ìbáà ṣe ohùn rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Oṣù méjì ni wọ́n fún àwọn tó ti polówó tẹ́lẹ̀ láti jáwọ́.

Adétutù kò lè jẹ búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó pe Mísítà Dáníẹ́lì, nọ́ńbà náà kò lọ. Ó kọ lẹ́tà sí wọn lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí wọ́n yọ ohùn òun kúrò. Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Challenge lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí fóònù ẹni tó jókòó níwájú ń sọ̀rọ̀: “Gbàájẹ, tìẹ ni!” Ohùn tirẹ̀ ni. Ó yíjú sí fèrèsé.

Ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ kò kà dé ni pé òfin náà ní ìlà kan nísàlẹ̀: ẹni tí ìpolówó rẹ̀ bá ṣì ń lọ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ìjọba láàárín oṣù méjì yẹn. Wọ́n rò pé lẹ́tà mẹ́ta yẹn ti tó.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n wá mú un. Ó ń ka ìpolówó fún ilé ìwòsàn eyín nígbà tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan gun àtẹ̀gùn wá. Wọn kò wọ aṣọ ọlọ́pàá, wọn kò sì pariwo. Wọ́n fi káàdì hàn án, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, wọ́n ní kó tẹ̀ lé àwọn.

Nínú ọ́fíìsì ọlọ́pàá tí wọ́n mú un dé, obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìborùn dúdú. Ràfátù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, á tó ẹni àádọ́ta ọdún, aṣọ ilé ìwé ló sì ń rán ní Challenge. Abdulqoyum, ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, dúró tì í. Adétutù kò mọ̀ wọ́n rí. Ó kàn kí àgbàlagbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

Obìnrin náà fò dìde bí ẹni tí iná jó.

“Òun ni! Wàláì, òun ni! Ohùn yìí ni!”

Ìpẹ̀kítọ̀ tó ń bójú tó ẹjọ́ náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mánsúrù, ní kí wọ́n jókòó. Ó mú fóònù Ràfátù, ó tẹ ohun kan lórí Gbàájẹ, ohùn sì jáde.

“Ìyá Abdulqoyum mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé orúnkún yín ti dẹ̀? Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Mo ń wò ó níbí, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ. Ẹ fi èyí tó kù sí i, ẹ gbọ́ mà? Mo wà lẹ́yìn yín.”

Adétutù sún mọ́ fóònù náà. Ó mọ bí òun ṣe máa ń fa “ẹ gbọ́ mà” yẹn. Ó mọ ẹ̀rín kékeré tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Kò mọ̀ pé orúnkún ń dun obìnrin yìí. Ìpẹ̀kítọ̀ tẹ òmíràn, ó tún tẹ òmíràn. Ogójì ló wà nínú fóònù náà.

Ràfátù ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀. “Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó ń bi mí bí ara mi ṣe rí. Òun ló ń bi mí, èmi náà sì ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ara mi fún un. Àràárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi méjèèjì. Nígbà tí n kò rí nǹkan tà mọ́, mo fọwọ́ kan owó ẹgbẹ́ aránṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ́ ti pè mí lẹ́jọ́. Kí ni mo fi ṣe ọ́, ọmọ yìí? Kí ni mo fi ṣe ọ́?”

“Mà, èmi kọ́,” ni Adétutù wí.

“Ṣé kì í ṣe ohùn yín ni?” Ìpẹ̀kítọ̀ béèrè.

“Ohùn mi ni, sà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Wọ́n ní kí n ka àwọn gbólóhùn kan. Bóyá ẹ̀rọ ni wọ́n fi tò ó.”

Ìpẹ̀kítọ̀ Mánsúrù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fi bírò lélẹ̀, ó wò ó tìyanutìyanu. “Màdámù, báwo ni kí n ṣe kọ ìyẹn sílẹ̀?”

Adétutù sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí Bólúwadúró tó rí béèlì rẹ̀ gbà. Ní Bódìjà ni wọ́n ti rí lọ́yà kan, Bárísítà Ọlárónkẹ́, obìnrin tó mọ òfin náà dáadáa tí kì í sì í tan oníbàárà rẹ̀ jẹ. Ó ka gbogbo ìwé wọn tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ẹ̀sùn méjì ni. Àkọ́kọ́, pé ẹ polówó tẹ́tẹ́ tí kò ní ìwé àṣẹ, tí ẹ kò sì kọ̀wé sí ìjọba. Ìkejì, pé ẹ fi ohùn yín lu ìyá yẹn ní jìbìtì.”

“Ìkejì irọ́ ni, mà.”

“Mo gbà yín gbọ́. Àkọ́kọ́ ńkọ́?”

Adétutù tọ́ka sí ìwé olóǹtẹ̀ tó wà láàárín àwọn ìwé náà.

“Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ayédèrú ni,” lọ́yà náà wí. “Ó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni.”

“Ta ni mo máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Ìyẹn ni adájọ́ máa ní kẹ́ ẹ sọ.”

Bólúwadúró fọwọ́ gbá tábìlì. “Àwọn tó ni Gbàájẹ gan-an ńkọ́? Ṣé wọn kò ní mú wọn ni?”

“Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wà, sà. Nọ́ńbà yẹn, orúkọ òkú ni wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Gbàájẹ ní, ohùn ìyàwó yín nìkan ló wà ní Ìbàdàn tí ọwọ́ òfin lè tó.”

Ó wá ṣàlàyé ọ̀nà tó kù. Wọ́n lè jà. Wọ́n á wá onímọ̀ láti Àbújá tí yóò yẹ ohùn náà wò, ó lè gba ọdún mẹ́ta, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé ẹjọ́ kò bá gbà á gbọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní bí Adétutù bá gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn àkọ́kọ́, àwọn á yọ ìkejì kúrò.

“Kò túmọ̀ sí pé mo ṣe ìkejì, àbí?” Adétutù béèrè.

“Nínú òfin, rárá.”

“Lójú ìyá yẹn ńkọ́?”

Bárísítà Ọlárónkẹ́ wọ gíláàsì rẹ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé náà jọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Adétutù fi ń rò ó. Bó bá ń fọ abọ́, á dúró, omi á máa kán lára ọwọ́ rẹ̀. Ó pe bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá arúgbó náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, “Ọmọ mi, ohun tó o bá ṣe ni kó o gbà. Ohun tí o kò bá ṣe, má fọwọ́ sí i.” Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n bó bá gba àkọ́kọ́, lójú ìyá yẹn á dà bí ẹni pé ó fọwọ́ sí ìkejì náà. Ogójì ohùn ló wà nínú fóònù obìnrin yẹn.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ó wọ bùláúsì funfun. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ka ẹ̀sùn àkọ́kọ́ nìkan, ó ní ṣé ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi. Ó ní òun jẹ̀bi. Adájọ́ ní kó sọ ọ́ sókè kí gbogbo kóòtù lè gbọ́. Ó sọ ọ́ sókè. Adájọ́ sọ pé àìmọ̀fin kì í ṣe àwíjàre, pé ẹni tí ohùn rẹ̀ bá níyì ló yẹ kó ṣọ́ ọ jù. Ó ní kó san owó ìtanràn tàbí kó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án. Ó ní kò gbọ́dọ̀ polówó ohunkóhun fún ọdún mẹ́ta, kí ìjọba sì gbẹ́sẹ̀ lé àwọn ẹ̀rọ sitúdíò rẹ̀. Wọ́n ti ta ọkọ̀ Bólúwadúró ṣáájú, owó ìtanràn wà nílẹ̀.

Wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ràfátù jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú Abdulqoyum. Ẹjọ́ tirẹ̀ náà wà nínú kóòtù kejì, ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ kò fọwọ́ wọ́nú. Bárísítà Ọlárónkẹ́ ní kí Adétutù má lọ síbẹ̀. Ó lọ. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níwájú obìnrin náà.

“Mà, ẹ dákun. Mo gbà pé mo polówó wọn, ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, èmi kọ́ ni mo sọ wọ́n. N kò mọ̀ yín. N kò mọ̀ pé ọkọ yín ti kú. Ọlọ́run gbọ́, mà, bí mo bá mọ̀ yín ni…”

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú Ràfátù ń yí padà. Ó di etí rẹ̀ méjèèjì. 

“Àǹtí,” Abdulqoyum wí, kò sì jágbe mọ́ ọn, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́. Bí màmá mi bá ti ń gbọ́ ohùn yín yìí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá fóònù. Mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣì ń wá a.”

Adétutù pa ẹnu dé. Ó fẹ́ di ọwọ́ obìnrin náà mú, ẹ̀rù bà á. Abdulqoyum gbé ìyá rẹ̀ dìde, ó rọra mú un lọ sí kóòtù kejì, ìborùn dúdú náà já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó mú un.

Bólúwadúró mú ìyàwó rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn. Èrò pọ̀, wọ́n tò. Nígbà tó kàn wọ́n, ẹni tó wà lẹ́yìn fèrèsé ní kí ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ sọ orúkọ rẹ̀. Adétutù la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ọkọ rẹ̀ ló bá a sọ ọ́.